Àmì Inú Fìlà

"Mongi, wọ́n ní o ti ti ilẹ̀kùn mọ́ olè síta!"

Ohùn Màmá Beya ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó gbé abọ́ àkàrà dídùn mákírúùdù, tí wọ́n fi dàbínù sí nínú, tí oyin ṣì ń kán lára rẹ̀, lọ́wọ́ kan. Ó há ẹrù kékeré kan tó fi aṣọ dì sábẹ́ apá kejì. Mongi wà lórí àpótí, fìlà pupa kan wà ní orúnkún rẹ̀, ó ń fi orí òdòdó ẹlẹ́gùn-ún gbígbẹ ya irun ara fìlà náà sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ̀ bá ránṣẹ́ sí mi, ǹ bá wá bá yín nílé."

"Ta ni kí n rán? Ẹni tó bá ṣe wá lóore, ẹsẹ̀ ara ẹni la fi ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Zoubeir, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ dojú kọ ti Mongi, na ọrùn láti ìdí ife kọfí rẹ̀. "Màmá, ṣé Mongi nìkan ló lẹ́nu ni? Èmi ni mo júwe ọ́fíìsì ìjọba náà fún un o."

"Ìwọ tí oòrùn gbọ́dọ̀ wá jí kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù? Ó dáa, gba ẹyọ kan, fi dí ẹnu rẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mongi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Màmá Beya ni opó Khemais, ọ̀gá tó kọ́ Mongi níṣẹ́. Nígbà tí Khemais kú, ọwọ́ Mongi ni ìyá náà fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ìyá náà àti àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ìlú Ariana ló ń fi òwú irun àgùntàn hun àwọn fìlà náà, funfun, tí wọ́n tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀. Kí fìlà kan tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á fi òwú tín-ín-rín rán àmì sí inú rẹ̀. Ọkọ̀ á wá gbé wọn tààrà lọ sí etí odò, níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ gún wọn títí fìlà á fi sún kì di ìdajì, tí ojú kò ní rí ojú ìhun mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á rì wọ́n sínú aró pupa. Irun àgùntàn a máa mu aró yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Òwú tí wọ́n fi rán àmì kì í gbà á. Nípa bẹ́ẹ̀, bí fìlà bá dé ọ̀dọ̀ Mongi, pupa rẹ̀ á máa jó bí ata, àmì inú rẹ̀ á sì funfun kedere: ẹja kan, tòun ti ìrù. Fìlà Ẹlẹ́ja ni gbogbo ọjà Tunis ń pè é.

Nígbà tó yá, àwọn fìlà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe dé ẹnu ọ̀nà ọjà, wọ́n tẹ ẹja sínú tiwọn náà. Òjò kan pa àwọn tó rà wọ́n, aró ṣàn sí wọn lọ́rùn, Fìlà Ẹlẹ́ja ni wọ́n sì ń bú. Ìyẹn ló gbé Mongi dé ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀. Obìnrin tó wà níbẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé fún un: yóò ya àmì náà, wọn yóò kéde rẹ̀ fún aráyé, ẹni tó bá ní ẹ̀sùn yóò wá sọ ọ́ láàárín àkókò tí wọ́n dá, tí àkókò bá kọjá, ẹni tó ni àmì nìkan ló lè lò ó tàbí kó yọ̀ǹda rẹ̀. Ètò náà dùn mọ́ Mongi. Ó dà bí iṣẹ́ fìlà, ìpele kan kì í fo èkejì.

Obìnrin náà wá béèrè pé, "Ta ló ni àmì náà?"

Bírò wà lọ́wọ́ Mongi. Ó rántí Màmá Beya. Ó rántí pé ìyá náà ti dàgbà, pé kò mọ̀wé, pé ọ̀rọ̀ á gùn. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Màmá Beya jókòó, ó tú ẹrù rẹ̀. Fìlà funfun kan tí wọn kò tíì gún ló wà nínú rẹ̀.

"Faten ọmọ mi ló hun èyí. Ó fẹ́ máa ṣe tàwọn obìnrin, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó ń bẹ̀rù pé bóyá ìjọba ò ní jẹ́ kóun lo àmì wa. Mo ní, 'Ọ̀dẹ̀ ni ọ́! Mongi tó ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, ṣé á ti ìwọ mọ́ta ni?'"

Ó yí inú fìlà náà síta. Mongi tẹjú mọ́ ọn. Fìlà tí wọn kò tíì gún kì í gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Kò rí àmì náà báyìí rí, tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Kò sí ìrù níbẹ̀. Kò sí ìpẹ́. Ìrudi òdòdó ló tò lé ara wọn, okùn kan dì wọ́n nísàlẹ̀.

"Màmá, kí lèyí?"

"Kí lo ń pè é tẹ́lẹ̀?"

"Ẹja."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹja kẹ̀! Òdòdó jásímìnì ni! Èyí tí Khemais fi há etí lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi. Ó yọ ọ́ létí, ó fi lé mi lọ́wọ́ lójú bàbá mi, aláìnítìjú ọkùnrin. Mo wá rán an sínú fìlà, kó lè mọ èyí tó ti ọwọ́ mi wá. Ó ní kí n máa rán an sí gbogbo wọn. Omi gbígbóná yín ló sọ ọ́ di ẹja."

Mongi gbé òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Mo ṣáà ti jókòó."

"Orúkọ tí mo kọ lọ́dọ̀ ìjọba, tèmi nìkan ni. Tí àkókò ẹ̀sùn bá kọjá, Faten ò lè lo àmì yìí àfi tí mo bá yọ̀ǹda. Ẹ̀yin gan-an ò lè lò ó."

Zoubeir na ọwọ́ sí rédíò rẹ̀, ó pa á. Màmá Beya kọjú sí Mongi.

"Ṣé ẹ̀rù ló bà ọ́ ni, àbí ojúkòkòrò?"

"Nígbà tí mo ń kọ ọ́, ẹ̀rù ni mo pè é."

Ìyá náà mi orí. Ó di fìlà náà padà, ó so aṣọ rẹ̀ le. "Ká ní o béèrè ni, ǹ bá ní kí o kọ tìrẹ mọ́ tèmi." Ó dìde, ó jáde. Abọ́ mákírúùdù wà níbi tó gbé e sí.

Mongi tún mú fìlà orúnkún rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé àkókò á kọjá, pé ìyá náà ò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì, pé ọ̀rọ̀ á tán. Bí ó ti gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ sọ, ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó dìde.

"Bá mi wo ṣọ́ọ̀bù," ó sọ fún Zoubeir.

"Máa lọ jàre. Ó yẹ kí o ti lọ."

Ibùdókọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Ariana ló ti bá Màmá Beya, ó dúró láàárín èrò, ẹrù rẹ̀ lábẹ́ apá.

"Màmá, ẹ má wọ ọkọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì. Àkókò ẹ̀sùn ò tíì kọjá."

"Lọ tún un ṣe fúnra rẹ, ìwọ tí o bà á jẹ́."

"Tí mo bá dá tún un ṣe, á dà bíi pé mo ṣe yín lóore ni. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ wá gbà á."

"Ta wá ni kí n fẹ̀sùn kàn?"

"Èmi."

Ọkọ̀ dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Èrò ń tì wọ́n. Màmá Beya kò wọlé.

"Mi ò mọ̀wé. Ta ni á bá mi kọ ọ́?"

"Èmi náà ni."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé, ó sì lọ. Ìyá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá na ẹrù aṣọ náà sí i.

"Gbé e dáadáa," ó ní. "Wọ́n gbọ́dọ̀ rí òdòdó náà kí omi tó kàn án."