Kòkó Gba Páàkì

Kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lẹ́jọ́, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ogún ọdún ni mo fi ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé girama. Ní gbogbo ogún ọdún yẹn, kò sí ọmọ tó jẹ́ kọjá níwájú ọ́fíìsì mi láì fi ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò. Abọ́sẹ̀dé Bọ́dúndé lorúkọ mi. Bí mo bá wúkọ́ ní kíláàsì kìíní, kíláàsì kẹfà á dákẹ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo rò pé ìsinmi á dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi dùn. Ọkọ mi ti kú, ọmọ mi kan ṣoṣo, Tèmilọlá, sì ń bẹ ní Àbújá. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ ará ilé kejì wọlé wá jẹ òdòdó mi. Mo bá a wí gan-an. Ó wò mí lójú, ó ń jẹ òdòdó lọ. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sunkún bí ọmọdé, torí ó yé mi pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi mọ́ láyé yìí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ páàkì.

Ìjọba ló sọ adágún omi tó wà lẹ́bàá Àbà Ọ̀pẹ, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, di ibi ìgbafẹ́. Wọ́n kọ́ èbúté kékeré kan síbẹ̀, wọ́n kó ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà wá, gbogbo wọn ló ní òrùlé tápólì. Wọ́n da simẹ́ńtì sí ilẹ̀ gbalasa tó wà níwájú èbúté, wọ́n fi ọ̀dà funfun pín in sí àyè ogójì, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí àyè kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò ogójì ni wọ́n ní kó máa dúró síbẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe alámòójútó páàkì àti ẹnu ọ̀nà, fún oṣù mẹ́ta ná, kí wọ́n fi wo ọwọ́ mi. Wọ́n fún mi ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Báyọ̀, baba ọlọ́mọ mẹ́rin, pé kó máa ṣí géètì.

Ohun kan wà tí àwọn ayàwòrán ilé tó wá láti Adó kò rò. Ní agbègbè wa, ibi tí simẹ́ńtì bá ti tẹ́jú tí oòrùn sì ń pa á, kòkó ló ni ín. Wọn a sá kòkó sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a sá a sí etí títì. Mo ti rí ibojì olówó kan tí wọ́n sá ẹ̀gẹ́ lé lórí, àwọn ọmọ olóògbé ló sì sá a. Nígbà tí àwọn ará Àbà Ọ̀pẹ wá rí simẹ́ńtì tuntun tí wọ́n pín sí ogójì, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, wọn ò tiẹ̀ béèrè ohun tó wà fún. Agbo ilé méjìdínlógójì ló wà ní àbà náà. Wọ́n ní ìjọba ti pín ibi ìsákòkó fún ará ìlú, agbo ilé kan sí nọ́ńbà kan, nọ́ńbà méjì tó kù sì jẹ́ ti àlejò.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, kòkó ti kún ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá Ọlábọ̀dé, tó dàgbà jù ní àbà, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló wà lórí nọ́ńbà kìíní, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó rẹ̀ sí oòrùn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ṣí fìlà fún mi.

“Ẹ bá mi kí ùjọba o, Tísà. Ùjà ulẹ̀ ti parí lúlé ria.”

Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ìjà ilẹ̀ ilé wọn ni ìjọba wá parí, pé mọ́tò ni àwọn nọ́ńbà náà wà fún. Gbogbo wọn gbọ́ mi dáadáa, wọ́n mi orí, wọ́n dúpẹ́ àlàyé. Lọ́jọ́ kejì, kòkó tún kún ibẹ̀. Mo gbé pátákó ìkìlọ̀ kan kalẹ̀. Wọ́n sá aṣọ sórí rẹ̀. Mo ra fèrè, mo ń fọn ọ́n títí ètè mi fi wú. Àwọn obìnrin ní mo mọ fèrè fọn, wọ́n ní kí n wá fọn ọ́n níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo rán Báyọ̀ pé kó lọ lé wọn. Ó lọ, kò padà. Nígbà tí mo wá a kiri, orí nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni mo ti bá a, ó ń tú ẹ̀gẹ́. Ó ní kí n má bínú, ti agbo ilé àwọn nìyẹn.

Àwọn oníbàárà jìyà. Mọ́tò méjì àkọ́kọ́ a gba àyè àlejò, ìyókù a lọ tò sí etí títì bí ìlà àwọn tó ń dúró de epo bẹntiróòlù. Àwọn ìyá tó wọ bàtà gogoro wá gun ọkọ̀ ojú omi a bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọn a máa wá àlàfo láàárín kòkó. Awakọ̀ kan láti Adó ṣèèṣì tẹ kòkó nọ́ńbà kẹsàn-án. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n fún un ní àpótí ìjókòó, wọ́n fún un ní ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, wọ́n ní kó yọ kòkó tó há sí táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é títí di ọ̀sán. Nígbà tó ń lọ, wọ́n fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò gbá a kúrò. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí èèyàn bá sá sí oòrùn, olóhun nìkan ló lè kó o. Òjò nìkan ló lè yí òfin yìí padà. Bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i gbọ́dọ̀ pariwo, gbogbo ẹni tó bá sì gbọ́ ni yóò sáré wá kó o, ìbáà jẹ́ ti ọ̀tá rẹ̀, wọn a sì gbé e sábẹ́ òrùlé tó bá sún mọ́ wọn jù. Mo mọ obìnrin méjì ní àbà yẹn tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà nítorí adìyẹ. Bí òjò bá ṣú, ọ̀kan a kó ẹ̀gẹ́ èkejì wọlé, a gbé e kalẹ̀, a pòṣé, a sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, lẹ́tà dé láti Adó. Wọ́n ní ní ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ẹgbẹ́ kan yóò kó mọ́tò ogójì wá ṣe fàájì ní èbúté. Alábẹ̀wò kan, Ọ̀gbẹ́ni Stephen Adéwùmí, yóò bá wọn wá. Bí ó bá bá mọ́tò kan ṣoṣo ní etí títì, kí n kó ẹrù mi, kí n gbé iṣẹ́ fún Victor.

Victor yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa rẹ̀. Àna ẹnì kan tó lẹ́nu nínú ìjọba ni. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá, ó máa ń wọ jígí dúdú, bí mo bá sì lọ jẹun, á jókòó sórí àga mi, á máa yí i kiri. Ó ti ra fèrè tirẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní parọ́, kì í ṣe owó oṣù ni mo ń rò. Mo ń rò pé n óò padà sí ilé yẹn, n óò jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, n kò ní rí ẹni tí n óò sọ fún pé kó dúró tàbí kó máa bọ̀. Mo lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, mo bẹ̀ wọ́n pé ọjọ́ kan péré ni mo ń tọrọ. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n fún mi ní iṣu sísun, wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é. Gbogbo ọmọ Èkìtì ló mọ̀ pé bí àgbẹ̀ bá ti ní Ọlọ́run á ṣe é, òun alára kò ní ṣe é nìyẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ òmìnira mọ́, mo dé páàkì. Kòkó wà lórí nọ́ńbà méjìdínlógójì. Mo wo àyè àlejò méjì. Kòkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Báyọ̀ ní àwọn àna Bàbá Ọlábọ̀dé ló kó tiwọn wá láti Ìjàn lálẹ́ àná, pé ṣé àna kì í ṣe àlejò ni? Victor ti dúró lẹ́nu géètì, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀. Fóònù mi dún: àwọn mọ́tò ti kọjá Ìkẹ́rẹ́.

Ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́jọ́ náà. Kò sí ìkùukùu tó tó àtẹ́lẹwọ́. Mo wọ ọ́fíìsì, mo gbé agogo tí ilé ìwé fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo jáde sí àárín páàkì, mo sì lù ú bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo ní òjò ń bọ̀. Èmi, tí mo ti na ọmọ nítorí irọ́ tí kò tó ìdajì ìyẹn.

Gbogbo wọn dúró. Bàbá Ọlábọ̀dé gbé ojú sókè, ó wo ìlà oòrùn, ó wo ìwọ̀ oòrùn, ó fara balẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà ó wo èmi àti agogo ọwọ́ mi. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ohùn tí mi ò mọ̀ pé ó ní kígbe pé òjò dé, kí wọ́n kó o.

Ẹ ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ọkùnrin, obìnrin, àwọn àna láti Ìjàn, gbogbo wọn dà sí i. Èmi náà ká bùbá mi, mo ń fi abọ́ bu kòkó sínú àpò. Kódà Victor gbàgbé ara rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ lòun náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sáré kí orí rẹ̀ tó rántí. Òrùlé tó sún mọ́ wa jù ni ọ́fíìsì mi. Nígbà tó kún dé àjà, wọ́n wo iwájú, wọ́n rí àwọn ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà tó ní òrùlé tápólì. N kò lè dá wọn dúró. Mo ṣì ń fi ọwọ́ pè wọ́n nígbà tí àpò tó kẹ́yìn wọ inú ọkọ̀.

Mọ́tò ogójì wọlé, wọ́n sì dúró sí ogójì àyè. Fún ìṣẹ́jú kan, mo rí i bí wọ́n ṣe yà á nínú ìwé.

Alábẹ̀wò Adéwùmí sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ń fi bírò tọ́ka sí mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti lọ sí èbúté láti wọ ọkọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà. Wọ́n ní àwọn èrò kan ti jókòó síbẹ̀.

A jọ lọ wò ó. Àpò kòkó ló jókòó lórí gbogbo bẹ́ǹṣì, méjì méjì. Gbogbo àpò ló sì wọ jákẹ́ẹ̀tì olómi-ọsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ìdè rẹ̀ sì wà ní dídè. Báyọ̀ dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Alábẹ̀wò bi í pé kí ni gbogbo èyí.

“Ọ̀gá, Màmá ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láì wọ jákẹ́ẹ̀tì,” ni Báyọ̀ wí.

Alábẹ̀wò wo fọ́ọ̀mù rẹ̀ títí. Ó ní mọ́tò ni wọ́n rán òun wá wò, ẹnì kan mìíràn ló ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi, oṣù tó ń bọ̀ ni onítọ̀hún ń bọ̀. Ó wá ní níwọ̀n ìgbà tí ibì kan sì wà lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti béèrè nípa ètò ààbò, òun kò tíì rí ibi tó pé tó báyìí. Ó buwọ́ lù ú. Victor yọ fèrè lọ́rùn, ó fi í sápò.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará àbà sọ kòkó kalẹ̀ kí àwọn lè rí ibi jókòó. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò. Ní páàkì, ẹnì kan ti ń bi awakọ̀ pé ṣé iwájú mọ́tò rẹ̀ ṣì gbóná, pé ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ni òun fẹ́ tẹ́ síbẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn. Mo lọ bá Bàbá Ọlábọ̀dé níbi tó jókòó sí, tó ń ṣa èérí kúrò nínú kòkó rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé kò sí òjò kankan, pé irọ́ ni mo pa, pé mo fi àṣà wọn tan wọ́n jẹ nítorí iṣẹ́ mi. Mo ní kó forí jì mí.

Kò dá ọwọ́ dúró. Ó ní ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí òun ti ń sá kòkó, ṣé mo rò pé òun kò mọ ojú ọ̀run tí òjò wà nínú rẹ̀ ni? Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi pariwo. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Tísà ló ti ń pè mí láti ọjọ́ yìí wá.

“Ùwọ lòjò ṣú lé lórí, ọmọ mi,” ló wí. “A kè é wòran ẹni òjò ṣú lé.”

Omijé ń bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún. Ó jẹ́ kí n sunkún tó, lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, kí n bá òun di orí àpò kan mú, torí ọwọ́ òun méjèèjì kò ràn án mọ́. Mo dìde, mo di orí àpò náà mú.