Rédíò Géètì Ẹ̀yìn

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè yín!" Mikail, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, ti ń pariwo kó tó dé géètì ẹ̀yìn. "Mo ní ẹ má ṣí géètì fún mọ́tò dúdú yẹn. Ó ti wó fẹ́ǹsì onílé! Ẹ ṣí i fún un, ẹ tún juwọ́ sí i!"

Bàbá Gbàdàmọ́sí dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ṣọ́ géètì ẹ̀sítéètì yìí ní Ajah, láti ìgbà tí ẹ̀yìn ibẹ̀ ṣì jẹ́ irà tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké. Ó wo wọkí-tọkí ọwọ́ rẹ̀, rédíò táwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

"Mo gbé e sétí, Ọ̀gá. Ohùn yín ń jáde, àmọ́ bíi ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga ni."

"Gbogbo wa là ń gbọ́ ara wa. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́." Mikail rẹ ohùn sílẹ̀, ó fa ìwé kan yọ lápò. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ́fíìsì ní kẹ́ ẹ lọ sinmi, nítorí etí yín. Azeezat ló máa gba ibí. Ẹ fọwọ́ sí i kí n tó padà wá."

Bàbá gba ìwé náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti ń kán òróró sí i létí, tó ń fi òwú dí i, tó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Fẹ́rànmí, ẹ̀ ń gbọ́ eku lókè àjà, ẹ̀ ń gbọ́ bí mo bá ṣí ìkòkò ẹran. Rédíò nìkan lẹ ò wá gbọ́?"

Azeezat dé láti géètì iwájú, ó kúnlẹ̀ kí i. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. "Bàbá, èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n gbé mi wá síbí o."

"Mo mọ̀. Gba rédíò. Ti géètì ni." Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀.

Azeezat yí rédíò náà wò. "Ògbólógbòó yìí ṣì wà níbí? Ṣebí ìjọba ní kí gbogbo wọkí-tọkí kúrò lójú ọ̀nà ohùn gbòòrò, kó bọ́ sí tóóró, káyè lè gba èrò púpọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo tiwa ní iwájú lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn."

"Wọ́n ní tuntun ò kárí. Wọ́n ní tibí ṣì ń ṣiṣẹ́."

Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Azeezat gbé e sétí ọ̀tún, ó gbé e sí tòsì, ó yí ohùn rẹ̀ sókè títí kò fi yí mọ́. "Kí ni wọ́n ń sọ? Bàbá, èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan!"

Bírò dúró lọ́wọ́ Bàbá.

Kò pẹ́ tí Mikail fi tún dé. "Azeezat! Mo pè ọ́ pè ọ́. Àbí ìwọ náà ti darúgbó?"

Azeezat na ọwọ́ sí i. Ó gba rédíò tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ti àtijọ́ rọ́pò, ó rìn dé ìdí igi àgbọn, ó sì sọ̀rọ̀ sí i. Mikail lẹ ti ọwọ́ rẹ̀ mọ́ etí. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

"Rédíò ni," Mikail ní. "Bàbá, rédíò ni. Tiwa ti bọ́ sí tóóró, tibí ṣì wà ní gbòòrò, ohùn wọn ò bára mu. Mo sì ti sọ fún ọ́fíìsì pé etí yín ti lọ."

"Ẹ tún padà lọ sọ fún wọn," Bàbá dá a lóhùn.

Bàbá ká ìwé náà, tòun ti ààbọ̀ orúkọ tó ti kọ sí i, ó fi lé rédíò àtijọ́ lórí lọ́wọ́ Mikail. "Ẹ kó wọn lọ pọ̀. Òun ni kó lọ sinmi."

Ó yọ òwú létí, ó jù ú nù. Ó na ọwọ́ sí Azeezat, ó gba rédíò tuntun, ó sì padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ṣì rẹ̀ ẹ́.