Ẹ̀gbà Ìgbín Orí Ìṣó

Àpótí kẹta ni Tepaeru dojú rẹ̀ délẹ̀ yìí. Aṣọ ibùsùn àfọwọ́rán tú jáde, ìwé orin ìsìn mẹ́ta, ìgò òróró àgbọn kan tó ti gbẹ, àti eyín ọmọdé kan tí a dì sínú bébà, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni ín mọ́. Ẹ̀gbà kò sí níbẹ̀. Ó gbọn àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń gbọn àpò ìrẹsì tó ti tán, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín ẹrù.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù. Aago kan ọ̀sán ni ọkọ̀ òfúrufú yóò gbéra kúrò ní erékùṣù Mangaia, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ń wá lọ́sẹ̀. Bó bá ti gbé òun àti Mama Ngarima, ìyá rẹ̀, màmá di ará Auckland, ní New Zealand níbi tí Tepaeru ń gbé, nìyẹn. Ẹsẹ̀ màmá ti wú, ọkàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ dá gbé. Wọn yóò ti ilé yìí pa, Ọlọ́run ló mọ ẹni tí yóò tún un ṣí. Ohun tí Tepaeru kò bá rí lónìí, kó yáa gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi karawun ìgbín sín ló ń wá. Kì í ṣe ìgbín tí wọ́n ń jẹ o. Ti Mangaia yìí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, inú ihò àpáta ló máa ń sá sí, àfi tí òjò bá rọ̀ kó tó yọjú. Nígbà tí Tepaeru wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sẹ́ni tó lè gbé ọkọ̀ sójú òkun, ni bàbá rẹ̀ tó jẹ́ apẹja bá mú un lọ sórí àpáta. Wọ́n ṣa ìgbín kún agolo bọ́tà. Wọ́n sè é, wọ́n fọ karawun rẹ̀ títí ó fi ń dán, tó pọ́n bí ìyeyè. Iṣẹ́ obìnrin ni sísín in, ṣùgbọ́n bàbá jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó fi ìka tí okùn ìpẹja ti ya yánnayànna yẹn di abẹ́rẹ́ mú. Ìgbín dúdú kan ló yẹ kó máa wà lẹ́yìn mẹ́wàá mẹ́wàá. Bàbá kì í rántí ibi tó kà á dé. Ibòmíràn jẹ́ mẹ́wàá, ibòmíràn jẹ́ mẹ́tàlá, màmá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, òkun gbé bàbá lọ, kò sì dá a padà. Ẹ̀gbà yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ Tepaeru tí ọwọ́ bàbá wà lára rẹ̀.

Orí ìṣó òkè ibùsùn ló máa ń fi í kọ́ sí. Nígbà tó yá, ìṣó ṣófo. Ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ó ti dípẹtà.

Fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, ohun tí Tepaeru mọ̀ ni pé ìyá òun ló mú un, tó sì fi í sí ọrùn ìyàwó pásítọ̀ tó ń padà sí erékùṣù Rarotonga. Àlejò pàtàkì, ọrùn pàtàkì. Ta ló ń bi ọmọdé? Ó ti ròyìn rẹ̀ fún ọkọ, ó ti ròyìn rẹ̀ fún ọmọ, ó sì ti fi ṣe ìjà lórí tẹlifóònù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé: bó ṣe máa ń fi òpin sí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ní báyìí, òun àti ìyá yìí fẹ́ jọ máa gbé abẹ́ òrùlé kan. Ó ń bẹ̀rù. Kò mọ bí òun yóò ṣe máa fún un ní oúnjẹ láàárọ̀, kí òun máa fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lálẹ́, kí eegun yìí sì wà lọ́fun òun. Ó fẹ́ rí ẹ̀gbà náà. Bí kò bá rí i, ó fẹ́ kí ìyá òun fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Papa Aererua, àbúrò ìyá rẹ̀, yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tepaeru, ṣé olè ló wọlé ni, àbí ìwọ lo wọlé?"

"Ẹ̀gbà mi ni mò ń wá, Papa."

"Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tìrẹ yìí, ewúrẹ́ ti lá a tipẹ́. Ewúrẹ́ Mataio aládùúgbò ló jẹ ẹ̀gbà yẹn."

"Ewúrẹ́ ló jẹ ìgbín?"

"Ewúrẹ́ tó jẹ Bíbélì díákónì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Orin Dáfídì! Àti pé ìyàwó pásítọ̀ wo lò ń pariwo ẹ̀? Ọdún tí ìjì jà ni o. Ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ igi níhòòhò, ewé kan ò ṣẹ́kù. Pásítọ̀ ìgbà yẹn ò tíì níyàwó, ó ṣì ń wá. Àwọn òbí sì ń fi ọmọbìnrin wọn pamọ́."

Láti ẹ̀yìn fèrèsé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sín òdòdó láti ìdájí, Mama Tuaine dá sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá Tepaeru ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lójúde tí kì í bá dúró.

"Má dá a lóhùn, jàre! Wọ́n sin ẹ̀gbà yẹn mọ́ àbúrò mi ni. Ojú mi ló ṣe."

"Mama, wọn ò rí òkú bàbá mi sin."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ àwọn obìnrin.

"Ó dáa," ni Mama Tuaine wí, "á jẹ́ pé okùn rẹ̀ já ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Mo ṣáà rántí ariwo rẹ̀ nígbà tó ń dà sílẹ̀."

Ó dun Tepaeru, ó sì pa á lẹ́rìn-ín. Ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ni Kura, ọmọ-ọmọ Papa Aererua, ti ń pààrà níwájú àwọn obìnrin, ó na àyà síta bí àkùkọ. Ọmọ ọdún méje ni, ẹ̀gbà ìgbín tuntun sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi ni mo sín in, anti. Fúnra mi. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni mo kà á, mi ò ṣì í rárá."

Tepaeru na ọwọ́ kó fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà sún sẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbà rẹ̀.

"Ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Eruku wà lọ́wọ́ yín."

Nínú yàrá, Mama Ngarima jókòó sí etí ibùsùn, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì di fọ́tò kan. Fọ́tò Ngametua ni, àkọ́bí rẹ̀. Lẹ́yìn tí òkun gbé bàbá lọ, Ngametua tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún ló lọ sí Tokoroa, ní New Zealand, láti ṣiṣẹ́ gẹdú, kó lè máa bọ́ àwọn tó kù sílé. Kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ tí ìtì igi fi wó pa á. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí.

"Bá mi di ẹ̀gbọ́n ẹ dáadáa," ni màmá wí. "Kí gíláàsì má fọ́ lójú ọ̀nà."

Tepaeru gba fọ́tò náà. Kò dì í.

"Mama, ẹ sọ òótọ́ fún mi lónìí. Ta lẹ fún lẹ́gbà mi?"

"Ìyàwó pásítọ̀."

"Papa ní pásítọ̀ ò níyàwó nígbà yẹn."

"Ó ní. Ó dé fìlà funfun, ó sì wọ ìgò ojú ńlá."

Ara Tepaeru fu díẹ̀. Fìlà funfun àti ìgò ojú ńlá: ọ̀rọ̀ ẹnu òun gan-an nìyẹn, bí òun ṣe máa ń sọ ọ́ láti kékeré. Màmá ń kà á bí akẹ́kọ̀ọ́ tó há ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi sórí. Ṣùgbọ́n ìbínú ti gbé e dé ibi tí kò ti lè dúró rò ó.

"Ẹ ò sì bẹ̀ mí rí."

"Mo bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi," ni Mama Ngarima wí. "Má bínú."

Ó ti tán. Ohun tó ń wá láti ọdún mẹ́rìndínlógójì bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́, kò sì wúwo. Ìyẹn gan-an ló tún bí i nínú.

"Ohun kan ṣoṣo tí mo ní lẹ fi ṣe àlejò lóore," ó ní, ó sì jáde, ó fi màmá sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣó lára ògiri.

Nígbà tí ẹbí kóra jọ láti gbàdúrà ìdágbére, tí wọ́n sì ń fi òdòdó sọ́rùn àwọn tó ń lọ, Tepaeru wà lẹ́yìn ilé, ó ń di okùn mọ́ àpótí tí kò nílò okùn. Wọ́n pè é. Ó ní òun ń bọ̀. Kò wá.

Ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, òdòdó ti bo Mama Ngarima dé etí. Gbogbo abúlé ló wá. Àwọn tí kò rí Tepaeru láàárọ̀ ti kó òdòdó tirẹ̀ náà sí màmá lọ́rùn, wọ́n ní àgbà ló ni ín. Òun dúró ti ẹrù. Kò sí ẹni tó kíyè sí i, nítorí ẹkún àti orin ti gba pápá kan.

Kura ni ó kíyè sí i.

"Anti, ọrùn yín ṣófo."

"Kò séwu."

"Ó séwu o! Ẹni tọ́rùn ẹ̀ bá ṣófo wọkọ̀, wọ́n á ní kò léèyàn."

Ọmọ náà wo ọwọ́ ìyá rẹ̀: kò sí òdòdó mọ́. Ó wo ti Mama Tuaine: kò sí. Ó tún wo ọrùn Tepaeru, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ń ṣírò. Lẹ́yìn náà ó fa ẹ̀gbà ìgbín rẹ̀ gba orí bọ́, ó há mọ́ ọn nírun, ó fà á tu.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀," ó ní.

Tepaeru bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Okùn tútù náà kan etí rẹ̀, ó bọ́ sọ́rùn, ọwọ́ kékeré méjì sì tún un ṣe kó dúró dáadáa. Ọwọ́ Tepaeru ló kọ́kọ́ rántí, kí ojú rẹ̀ tó rántí.

Bẹ̀rẹ̀, Ngametua.

Pápá yìí kan náà ni, ní ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn. Gbogbo igi tó yí i ká ló dúró ní gígún, láìléwé, nítorí ìjì ti jà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Òdòdó kan ò sí ní Mangaia. Ngametua dúró nínú kóòtù bàbá tó tóbi jù ú lọ, ó mú àpò kan lọ́wọ́, ọrùn rẹ̀ sì ṣófo bí ọrùn ọmọ tí kò léèyàn. Bẹ̀rẹ̀, òun, Tepaeru, ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan nínú eruku, òróró àgbọn ń rùn lórí rẹ̀, ẹ̀gbà tí Tepaeru ń fi sí i lọ́rùn sì há mọ́ ọn létí. "Màá mú un padà wá fún ẹ," ni Ngametua wí. Tepaeru kò sunkún títí ọkọ̀ fi kéré bí ẹ̀fọn lójú ọ̀run. Ìgbà náà ni ó tó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó sì ń ké pé kí wọ́n gba ẹ̀gbà òun padà, pé wọ́n ti gba ẹ̀gbà òun.

Ó gbójú sókè. Kura ń wo àyà ara rẹ̀ tó ṣófo. Ó fọwọ́ kàn án.

Tepaeru gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbà náà kó bọ́ ọ.

"Rárá o," ni Papa Aererua wí lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "A kì í dá ẹ̀bùn padà."

Tepaeru mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó gbé ẹnu sí i létí.

"Kura, gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ lo fún mi. Tó o bá délé tó ò rí i, rántí pé ìwọ lo fún mi. Ṣé o gbọ́?"

Kura mi orí pé òun gbọ́, ó sì bú sẹ́kún.

Ọkọ̀ òfúrufú gbéra. Mama Ngarima fi iwájú orí lé fèrèsé, ó ń wo àpáta, oko kókò, àti òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tún kàn. Tepaeru jẹ́ kí erékùṣù náà pòórá kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọrùn Ngametua ló wà, Mama."

Màmá kò yíjú padà. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ nígbà yẹn. O ní irọ́ ni mò ń pa. Ibi tó o ti rí ìyàwó pásítọ̀ yẹn, títí dòní mi ò mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ gbà pé ẹ̀yin ni?"

"Bàbá ẹ ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti lọ." Mama Ngarima fi etí òdòdó kan nu ojú. "O ń wá ẹni tí wàá máa bínú sí, èmi ló kù nílé. Mo ti gbà á pẹ́ débi pé mo máa ń rí fìlà obìnrin náà lójú oorun."

Tepaeru di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ó ń sunkún, kò sì fi í pamọ́. Màmá jẹ́ kó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ kejì sí ẹ̀gbà Kura, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àwọn ìgbín náà, láti dúdú kan dé dúdú kejì. Ó kà á dé mẹ́wàá, ó ṣì ń kà lọ.

"Mẹ́tàlá," ó ní, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu rẹ̀. "Òun náà ò mọ̀ ọ́n kà."