Sólà Tó Kẹ̀yìn sí Oòrùn

Ṣé ẹ ti rí ọmọ tó dàgbà tán, tó ń pàṣẹ fún gbogbo ayé, àmọ́ tí kò lè la ẹnu bá bàbá rẹ̀ wí? Bí ẹnjiníà kan ṣe rí nìyẹn. Òun ni wọ́n ní kó sọ bárékè tí àwọn sójà ti pa tì di ilé iná sólà. Yàrá tí wọ́n ń kó ìbọn sí tẹ́lẹ̀ ló ń to bátìrì sí. Pápá tí wọ́n ti ń yan ni sólà máa wà.

Bàbá rẹ̀ ló fi ṣe olórí àwọn lébìrà. Sájẹ́ńtì tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá, orí pápá yìí gan-an ló ti fi ariwo sọ ọmọ ọlọ́mọ di sójà. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, àfìgbà tíṣẹ́ yìí dé. Ha, ẹ wá wo bàbá! Ó ń fá irùngbọ̀n, ó ń súfèé, ó ń jẹun dáadáa.

"Bàbá, ẹ bá mi tò wọ́n bí ẹ ṣe máa ń to àwọn sójà yín," lọmọ wí, ló bá wọlé lọ bá bátìrì rẹ̀.

Ìgbà tó fi máa jáde, iṣẹ́ ti parí. Sólà tò gbọnrangandan, kò síkan tó yọrí ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n pèpéle tí ọ̀gágun máa ń dúró sí ni gbogbo wọn kọjú sí. Wọ́n kẹ̀yìn soòrùn! Yéè!

Kí lọmọ máa wá ṣe? Tó bá sọ ọ́ lójú àwọn lébìrà, ìtìjú á lé bàbá padà sídìí fèrèsé. Tí kò bá sì sọ ọ́, iná ò ní tàn.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o... sólà yìí... bóyá tẹ́ ẹ bá lè..."

Bàbá wo sólà, ó wo oòrùn. Ó ti yé e.

"Ta lọ̀gá níbí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé bí ọ̀gá ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyí? Pàṣẹ!"

"Ẹ yí wọn padà, sà."

"Mi ò gbọ́!"

Ọmọ mí kanlẹ̀. "Ẹ yí wọn padà!"

Àwọn lébìrà lanu sílẹ̀. Bàbá fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó kọjú sí wọn. "Ẹ̀yin ọ̀lẹ, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí ni? Ẹ gbé sípánà!" Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń tú nọ́ọ̀tì.

Nígbà tí wọ́n yí gbogbo sólà kọjú soòrùn tán, bàbá nu ọwọ́, ó wá dúró síwájú ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni bàbá wí, "iṣẹ́ wo la máa ṣe lọ́la?"