Ìgbìmọ̀ Tí Kò Mọ Bí A Ti Ń Kọ̀

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Nọ́ọ̀sì fi ń yá àwọn aláìsàn ní kẹ̀kẹ́ arọ àti ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún mẹ́fà náà sì ni ìgbìmọ̀ rẹ̀ fi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni wọn ì bá tún sọ? Ọkọ rẹ̀ ni alága, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni akọ̀wé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní kẹ́míìsì ni ẹnì kẹta. Bí Nọ́ọ̀sì bá ní kí wọ́n lọ fi ẹfun kun òṣùpá, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ilé fọwọ́ sí i.

Ó ń fi í yangàn ni, àfìgbà tó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ aláàánú. Olùkọ́ bi í pé ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ rẹ̀ sọ fún un kẹ́yìn pé rárá. Ó yọ̀ dáhùn pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Olùkọ́ wò ó tàánú-tàánú, ó ní a jẹ́ pé kò ní ìgbìmọ̀, ará ilé ló ní. Ọjọ́ tí kò bá sí mọ́, gbogbo iṣẹ́ náà á bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún sì ń ro ó. Kẹ̀kẹ́ mẹ́tàlélógún ló wà nínú gáréèjì rẹ̀. Ta ni yóò máa yá wọn jáde bó bá kú? Káńsù ní yàrá ńlá kan tí wọ́n fẹ́ yọ̀ǹda fún irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó lè dá dúró láìsí ẹni tó dá a sílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ọ̀gá kan láti káńsù sì ń bọ̀ wá jókòó ti ìpàdé wọn ní Ọjọ́bọ̀.

Ni Nọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ bí a ti ń kọ̀. Àbúrò rẹ̀ dúró níwájú dígí, ó ń wí "rárá" títí ẹnu fi ń ro ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti wò ó báyìí, á ní rárá o, ohun tí ẹ sọ dára. Nọ́ọ̀sì rí i pé omi fẹ́ tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ó kọjá sí òdìkejì títì, lọ́dọ̀ Màmá Télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Òótọ́-Korò. Ó ní kó wá wọ ìgbìmọ̀. Màmá Télọ̀ kò gbójú kúrò lára máṣìnnì, ó ní òun ò ṣe. Inú Nọ́ọ̀sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn: irú ẹni tí òun ń wá gan-an nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá káńsù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dìde, ó dábàá ohun tó ti mọ́ ọn lára: kí kọ́kọ́rọ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà máa wà lọ́wọ́ òun nìkan, kó má baà sọ nù. Ọkọ rẹ̀ ti ń nawọ́ sókè pé ó dára.

"Rárá," ni Màmá Télọ̀ wí. "Oṣù tó kọjá, o lọ kí ọmọ rẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì rẹ. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi gbé e dé ọsibítù."

Ojú ti Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí. Ó bẹ Màmá Télọ̀ pé kó má bínú. Ẹnu ẹ̀bẹ̀ náà ló ṣì wà tí àbúrò rẹ̀ fi wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "rárá. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ di mẹ́ta."

Ó sọ ọ́ tán, ó wòkè bí ẹni tó ń retí kí àjà wó lu òun. Àjà kò wó. Ni oníkẹ́míìsì bá ní rárá lòun náà wí, pé ìwé tí wọ́n fi ń yáni ní kẹ̀kẹ́ kò tiẹ̀ ní ibi tí èèyàn ń kọ nọ́ńbà fóònù sí. Ọkọ Nọ́ọ̀sì, tí kò sọ rárá fún un láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ní kí wọ́n dìbò. Mẹ́rin sí ọ̀kan ni wọ́n fi borí rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn Nọ́ọ̀sì láti inú ikùn wá, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń jù sókè.

Ọ̀gá káńsù wá béèrè ohun tó bá wá: bí Nọ́ọ̀sì ò bá sí ńkọ́? Nọ́ọ̀sì la ẹnu, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Télọ̀ ní àwọn ará àdúgbò á pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Akọ̀wé ní òun á kọ́ wọn bí a ti ń tún bíréèkì ṣe. Oníkẹ́míìsì ní irọ́ ni, ta ló kọ́ akọ̀wé alára? Wọ́n gbàgbé ọ̀gá, wọ́n gbàgbé Nọ́ọ̀sì pátápátá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa kó àwọn kẹ̀kẹ́ bọ̀ sí yàrá káńsù ní Ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ àfi Nọ́ọ̀sì.

Ó nawọ́ sókè kó lè sọ fún wọn.

"Dúró kó kàn ọ́," ni ọkọ rẹ̀ alága wí, kò tilẹ̀ wo ibi tó wà.

Omi ń bọ́ lójú Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè síbẹ̀, ó ń dúró kó kan òun.