Àwọn Tó Jókòó Sójú Títì

Sùrájù tẹ họ́ọ̀nù típà rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì tètè gbé ọwọ́ kúrò. Ariwo náà lu ara àwọn ilé alájà tó wà lẹ́bàá títì, àwọn lékèélékèé tó ń jẹ̀ létí kánáálì sì fò lọ. Àwọn ọmọ tó jókòó sójú títì ò fò. Wọn ò tilẹ̀ mira.

Yanrìn tútù ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, omi rẹ̀ ń kán tó-tó-tó sórí ọ̀dà. Láti etí ọ̀sà tí wọ́n ti ń wa yanrìn ni Sùrájù ti gbé e, ó gba Apple Junction kọjá kí oòrùn tó mú, ó sì wọ Festac. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kó máa dà á sí: kánáálì tó wà ní ìparí òpópónà yìí, tí olówó kan fẹ́ sọ di ilẹ̀ ìkọ́lé. Sùrájù ò mọ olówó náà. Alàájì Ìsmáílà tó ni típà ló mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ti Sùrájù ni kó gbé yanrìn dé, kó fi ẹ̀yìn rìn, kó dà á, kó padà lọ gbé òmíràn.

Láti ìgbà tó ti kúrò ní Òkèihò wá sí Èkó ló ti ń wakọ̀, ojú rẹ̀ sì ti rí ìdènà lóríṣiríṣi. Ó ti rí àwọn ọmọ ìta tó ń sun táyà, ó mọ ohùn tí a fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí yàtọ̀. Ajẹbọ́tà ni wọ́n. Ó mọ̀ wọ́n lára bàtà wọn, àti lára bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹní kí wọ́n tó jókòó. Ọmọbìnrin kan ṣí agbòòrùn lé orí ara rẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì dání, ó ń lé orin. Orin ìyìn ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Níbi tó yẹ kí wọ́n ti lé Sátánì jáde, àwọn tó ń da yanrìn sómi ni wọ́n ń lé.

Sùrájù mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Inú ò bí i. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ lórí rédíò àti ní ibùdókọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ò lè dìde láéláé, pé orí fóònù ni ìbínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Lóòótọ́, àwọn wọ̀nyí ò dìde. Wọ́n jókòó ni.

Típà kejì dé sẹ́yìn rẹ̀. Charles, awakọ̀ bíi tirẹ̀ tó ń bá Alàájì ṣiṣẹ́, ló ń wà á. Kò pẹ́ tí fóònù Sùrájù fi dún.

"Charles ní o dúró," ni Alàájì Ìsmáílà wí. "Kí ló dé?"

"Àwọn ọmọ kan ló jókòó sójú títì, sà."

"Ọmọ báwo? Àwọn ọmọ àdúgbò?"

"Àwọn ọmọ onílé ni, sà."

Alàájì rẹ́rìn-ín. "Rọra máa sún mọ́ wọn. Má tẹ ẹnikẹ́ni o. Ṣáà máa sún mọ́ wọn. Ẹ̀mí dùn, wọ́n máa sá."

Kì í ṣe ìkà ló mú kí Sùrájù ki gíà bọlẹ̀. Ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa sá lóòótọ́.

Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rákò lọ. Orin já. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dìde, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tó ń lé orin náà sá, ó fi bàtà kan sílẹ̀. Agbòòrùn ń yí gbirigbiri lórí ọ̀dà. Sùrájù ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé Alàájì gbọ́n, ìgbà náà ló rí i pé àwọn díẹ̀ ò sá. Wọ́n ti fi apá kọ́ ara wọn lápá. Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà láàárín wọn, ó di ojú rẹ̀ pinpin. Iwájú típà ga. Bó ṣe ń sún mọ́ wọn ni wọ́n ń rì sísàlẹ̀ gíláàsì: àyà wọn rì, ojú wọn rì, ó ku irun orí. Lẹ́yìn náà, kò rí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó tẹ bíréèkì débi pé àyà rẹ̀ gbá ìtọ́kọ̀.

Kò gbọ́ igbe. Àìgbọ́ igbe yẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yí dé iwájú ọkọ̀, ó rí wọn, gbogbo wọn pé. Ọmọbìnrin aláṣọ funfun náà ti lajú, ó ń wo irin iwájú típà. Bó bá na ọwọ́, á kàn án.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni Sùrájù pariwo. "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Rárá, sà," ni ọmọ náà fèsì.

"Kí ló dé tó ò sá nígbà náà? Ṣebí àwọn ẹgbẹ́ ẹ sá!"

Ọmọ náà rò ó wò bí ẹni pé inú kíláàsì ni wọ́n ti bi í. "Ẹ̀rù bà mí, bọ̀dá. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Tí n bá fi lè dìde, mi ò ní lè padà wá jókòó mọ́."

Èsì yìí gba ìbínú lẹ́nu Sùrájù. Ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ó bi í ní orúkọ, ó ní Ṣìmí ni òun; ó bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní òun ń yàwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Amúwo, àwòrán tí àwọn bíríkìlà ń tẹ̀ lé.

"Ìwọ tó ń yàwòrán ilé lo wá ní kí wọ́n má kọ́lé?"

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti rí kánáálì yẹn rí?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń débẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ ń débẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i?"

Ẹ̀yìn ni Sùrájù máa ń fi rìn débẹ̀. Inú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ti mọ ibẹ̀, ó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, ó sì wà lódì. Tó bá ti da yanrìn tán, ó ti ń lọ nìyẹn. Kò sọ̀ kalẹ̀ rí.

Ó tẹ̀ lé Ṣìmí lọ wò ó. Òkìtì yanrìn tí òun àti Charles ti dà jọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá ti gùn wọnú omi ju bó ṣe rò lọ, ó funfun bí eyín. Níwájú òkìtì náà ni omi kánáálì dé tí kò rí ọ̀nà gbà. Ó dúdú, òjúoró àti ọ̀rá kún orí rẹ̀. Sùrájù lóṣòó, ó ń wò ó. Ó já ewé kan, ó jù ú sómi kó lè mọ ibi tó ń lọ. Ewé náà dúró, ó yí po, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ padà sí ọ̀nà ilé àwọn èèyàn.

Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Àdúrà tí bàbá rẹ̀ ṣe fún un lọ́jọ́ tó ń bọ̀ ní Èkó nìyẹn. Omi yìí ti bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ wo ara ògiri yẹn," ni Ṣìmí wí. Ó nawọ́ sí ilé kan tí ìlà pupa rúsúrúsú gba abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá. "Ibi tí omi dé nílé wa nìyẹn lọ́jọ́ òjò ńlá. Orí tábìlì la gbé màmá àgbà sí."

Sùrájù ń wo ìlà náà. Ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá tó ń gbé, omi ń wọlé tiwọn náà, ó sì ti máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òjò Ọlọ́run ni. Kò wá mọ̀ mọ́ bóyá òjò Ọlọ́run ni lóòótọ́, tàbí awakọ̀ kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn níbì kan.

Nígbà tí wọ́n máa fi padà dé ìdí ọkọ̀, obìnrin kan ti ń sáré bọ̀, ó wọ bùbá, ó ró ìró mọ́ àyà, nẹ́ẹ̀tì irun ṣì wà lórí rẹ̀. Ìyá Ṣìmí ni, Margaret. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Mọ́mì Margaret.

"Ṣìmí, ó yá, jẹ́ ká lọ sílé."

Ṣìmí padà lọ jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ ẹlòmíràn.

"Ṣé o ti gbàgbé ọdún yẹn ni? Tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ jáde lọ ṣe ìwọ́de tí wọn ò padà wálé?"

"Mi ò gbàgbé, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lọ́jọ́ yẹn."

"Mo tì í! O sì wà láàyè!"

Margaret yíjú sí Sùrájù, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà bímọ?"

"Mo bímọ, mà. Azeezat. Ó wà nílé-ìwé girama."

"Tó bá jẹ́ òun ló jókòó síbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Ni Charles bá yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ tirẹ̀. "Sùrá! Tó ò bá lè kọjá, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lọ!"

Sùrájù wo Charles. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kánjúkánjú ni. Bí òun bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Charles á rákò bíi tòun, àwọn orí náà á rì sísàlẹ̀ gíláàsì tirẹ̀ náà. Ta ló mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ Charles á yára dé bíréèkì?

Ó gun ọkọ̀ rẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi sápò. Lẹ́yìn náà ló pe Alàájì.

"Gíà ò wọlé mọ́, sà."

"Gíà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe?"

"Òun náà ni, sà."

"Sùrájù."

"Sà."

"Tí mo bá débẹ̀ tí gíà náà wọlé ńkọ́?"

Sùrájù wo omi tó ń kán lára ọkọ̀. "Ẹ máa rí i fúnra yín, sà."

Alàájì gé fóònù. Sùrájù mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀la má bá òun nídìí ìtọ́kọ̀ yìí. Ó rò pé òun á kábàámọ̀. Ó dúró de àbámọ̀ náà, kò tètè dé.

Charles bú u títí, ó sì fi ẹ̀yìn rìn lọ.

Oòrùn ti kan àtàrí kí àwọn ọlọ́pàá tó dé. Ọ̀gá wọn yí típà náà po, ó bi Sùrájù ní ohun tó ṣẹlẹ̀, Sùrájù sì sọ fún un pé gíà ò wọlé. Ọkọ̀ tí yanrìn tútù kún inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ tì, ọ̀gá ọlọ́pàá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n Margaret ti lọ gbé àpótí ìjókòó wá látilé, ó sì jókòó lé e lẹ́bàá ọmọ rẹ̀.

"Mà, ẹ̀yin náà?" ni ọlọ́pàá náà bi í.

"Mi ò lọ́wọ́ sí i o," ni Margaret dáhùn. "Ọmọ mi ni mò ń ṣọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jáde látinú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní afẹ́fẹ́ lòun wá gbà. Ìyá kan gbé omi inú ọ̀rá wá, ó ní kí òùngbẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn tó sá láàárọ̀ ń yọ́ padà wá, wọn ò jẹ́ kí ojú wọn ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, àwọn tó kù sì sún fún wọn. Àwọn ọlọ́pàá dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́la, wọ́n lọ.

Sùrájù wà lókè níbi ìjókòó rẹ̀, ó ń wò wọ́n, nígbà tí fóònù rẹ̀ tún dún. Ó rò pé Alàájì ni. Azeezat ni.

"Dádì, típà yín ni mò ń wò lórí fóònù mi yìí! Gbogbo èèyàn ló ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin náà wà lára wọn ni?"

Sùrájù la ẹnu láti sọ pé gíà ni kò wọlé. Ó wo ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ló wà níbẹ̀, àti ẹni tó ń gba afẹ́fẹ́, àti ẹni tó wá pín omi. Kò sẹ́ni tó ní òun wá jà nínú wọn, síbẹ̀ títì ti kún débi pé ajá ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Láti àárọ̀ ló ti ń wo àwọn ọmọ yìí, tó ń retí kó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Kò mọ ìgbà tí òun kúrò lára àwọn tó ń wòran.

"Dádì? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ," ni ó wí.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, ó sì ń wo àárín wọn kiri, bóyá ó máa rí àyè kan tó lè gba òun.