Kòtò Tí Ebi Ń Pa

3.

…kò tíì kọ gbólóhùn náà tán tí fóònù fi dún. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ Adéfúnkẹ́. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀, Ọlátúbọ̀sún, ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà Ìgèdè.

Kò dìde mọ́.

4.

Ẹ́ńjìnnì tó ń lọ ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ìyìn. Epo dísù nìkan ló ń mu tẹ́lẹ̀. Ọlátúbọ̀sún gbẹ́ kòtò, ó bò ó, ó ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti jẹrà, gáàsì inú kòtò a kún inú àpò rọ́bà, a sì lọ bá dísù nínú ẹ́ńjìnnì. Dísù díẹ̀, gáàsì púpọ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì a wá rọ̀, bí ẹni ń gbàdúrà lójú oorun.

5.

*Páálí tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì:*

A Ń ṢỌ̀FỌ̀.
A KÒ LỌ Ẹ̀GẸ́.
Ẹ MÁ FỌWỌ́ KAN NǸKAN.

6.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni.

7.

*Olúmúyìwá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, láti Adó:*

Ìyàwó wa, kú ara fẹ́ra kù. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ ní Sátidé. Bí kò bá lè fi gáàsì ṣiṣẹ́ mọ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Dísù ti wọ́n jù.

8.

*Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àdùnní ni aládùúgbò tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀.*

ADÉFÚNKẸ́: Mo ti ṣí gáàsì. Ohùn rẹ̀ ò yí padà.

ÀDÙNNÍ: Dísù nìkan ló ń mu, ọ̀mùtí yìí. Ẹ pa á. Ẹ wo àpò, ó ti rọ pẹlẹbẹ. Ìgbà wo lẹ bọ́ kòtò gbẹ̀yìn, Tíṣà?

ADÉFÚNKẸ́: Kí ó tó kú.

ÀDÙNNÍ: Háà.

ADÉFÚNKẸ́: Ẹ̀yin lẹ ń gbé ìgbẹ́ wá.

ÀDÙNNÍ: Ṣé èèyàn ń ru ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ wọ ulé ọ̀fọ̀ ni? Kí ẹbí ọkọ yín wá fi mí ṣorin kọ?

*(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya àwọn méjèèjì lẹ́nu.)*

9.

Lójú àlá, Ọlátúbọ̀sún jókòó sétí kòtò bí ẹni jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Adéfúnkẹ́ bi í pé, ṣé o ti jẹun?

Ọkọ rẹ̀ ní, bi ẹni tí ebi ń pa.

10.

*Sí Olúmúyìwá:*

Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí oníbàárà náà ṣì dúró ná. Kòtò kò kú. Àwa la fi ebi pa á. Iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò yín tó kù nìyẹn.

11.

Olúmúyìwá ti kà á.

12.

Òwúrọ̀ Sátidé. Àdùnní gbé garawa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. Adéfúnkẹ́ ká apá aṣọ dúdú rẹ̀ sókè. Ó po ìgbẹ́ mọ́ èèpo, ó bu omi sí i, ó ń fi ọwọ́ fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe, títí kò fi sí kókó kankan níbẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ kan dúró níta.

Ó kúnlẹ̀, ó sì rọra ń dà á sínú kòtò.